Iṣẹ́ Springer gan-an dà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ nínú ìròyìn yín nípa Timothy Springer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Harvard, iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ìwé ìwádìí rẹ̀ nìkan lẹ kà fún wa. Ọkùnrin yìí ló ṣàwárí LFA-1, pùrótíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń dì mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kó tó wọ ibi tí àrùn wà. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní pùrótíìnì yìí tó pé: àìsàn kì í fi wọ́n sílẹ̀, egbò wọn kì í sì í tètè jinná. Ìyẹn ló yẹ kó ṣíwájú! Springer àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì míì, Richard Hynes àti Erkki Ruoslahti, jọ gba Lasker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ìṣègùn, ní 2022. Àwa tá à ń kọ́ bayokẹ́místrì ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́ níbí, ń retí apá kejì ìròyìn yín.