Ta ni kó fi ilé bàbá ẹ̀ sílẹ̀?

Nínú gbogbo eré ìfẹ́ tó ń ti Íńdíà wá, tàwọn Telugu, ẹ̀yà kan ní gúúsù Íńdíà, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Wọn kì í já olólùfẹ́ méjì gbà kúrò lọ́wọ́ ẹbí kí wọ́n tó sọ ìtàn wọn.

Ẹ wo Fidaa, tí Sekhar Kammula darí lọ́dún 2017. Ìlú Banswada ní Telangana, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ni Bhanumathi ń gbé. Bàbá ẹ̀ ló dá tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí, ẹnu kí wọ́n máa palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ ni Varun, àbúrò ọkọ, ti kó sínú ìfẹ́ Bhanumathi.

Ìgbéyàwó Telugu fúnra ẹ̀, ẹ̀kọ́ ìfẹ́ ni! Wọ́n á ta aṣọ sáàárín ọkọ àti ìyàwó, wọn ò ní rí ojú ara wọn. Bí àsìkò tí wọ́n yàn bá tó, kálukú á mú ewé tí wọ́n fi kúmínì (èròjà ọbẹ̀ kan) àti ṣúgà ìrèké tí wọ́n lọ̀ pọ̀ sí, á fi lé ẹnìkejì lórí. Ẹni tó bá ti po kúmínì àti ṣúgà pọ̀ ò lè yà wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tọkọtaya. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń ká aṣọ kúrò.

Èdè inú eré náà ńkọ́? Ó pẹ́ tó jẹ́ pé aláwàdà àti jàǹdùkú ni wọ́n sábà máa ń fi ohùn Telangana fún nínú fíìmù Telugu. Bhanumathi fi í bínú, ó fi í kẹ́ bàbá ẹ̀, ó fi í ko ọkùnrin lójú. Sai Pallavi tó ṣe é kì í ṣe ọmọ Telugu, eré Telugu àkọ́kọ́ tó ṣe sì nìyẹn, síbẹ̀ ohùn ara ẹ̀ là ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹni tó máa kó lọ. Bhanumathi ò fẹ́ fi bàbá ẹ̀ àti ìlú ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan pè é lágídí. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí á mọ̀ pé bó ti wù kí ọmọ fẹ́ràn ọkọ tó, ilé bàbá ń dùn ún. Nínú eré yìí, ọkùnrin ló padà gbà láti fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ wá bá a ní Banswada.

Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi. Bàbá yẹn ni mo kọ́kọ́ rò, kí n tó rántí àwọn olólùfẹ́.