Omi dáàmù Ọ̀yán ń ṣàn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwa ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, télọ̀ kan ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹrin kò dáhùn, ó tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀, ó fi àkísà àdìrẹ nù ún, ó tún fà á, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Aṣọ ẹbí tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló wà lórí máṣíìnì ẹ̀.

Iṣẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ yẹn ń ṣe náà ni dáàmù Kainji ń ṣe o. Kí nǹkan ṣáà ti máa yí wáyà bàbà àti mágínẹ́ẹ̀tì lára wọn, iná á jáde. Ohun tó ń yí i ló yàtọ̀, wàhálà tó bá a wá náà sì yàtọ̀. Ní Kainji omi ló ń yí i. Ní ilé iṣẹ́ iná Pápáláńtò tó wà níbí lẹ́bàá wa, gáàsì ni wọ́n ń dáná sí kí ooru ẹ̀ lè yí tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí jẹnẹrétọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n páìpù ni gáàsì yẹn ń gbà wá láti ọ̀nà Delta, tí wọ́n bá bẹ́ páìpù tàbí tí wọ́n jẹ oní-gáàsì lówó, ó parí nìyẹn. Iná tó bá sì jáde níbẹ̀, orí gírìdì ló ń lọ, ìyẹn wáyà iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, gírìdì tó dojú dé ju ìgbà mẹ́wàá lọ lọ́dún 2024 nìkan.

Sólà ni gbogbo èèyàn ń pariwo báyìí, a ò sì bá wọn jà, torí òun ò ní ohun tó ń yí, kò sì ní èéfín. Àmọ́ ẹni tó bá gbé Abẹ́òkúta nínú oṣù keje mọ̀ pé oòrùn lè fara pamọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀, tí ọyẹ́ bá tún dé eruku á bo páànẹ́ẹ̀lì, ta ló máa gun òrùlé lọ nù ún? Ká má tíì sọ ti bátìrì. Aládùúgbò wa kan ra tòkunbọ̀, kò lo ọdún kan. Ti jẹnẹrétọ̀ ló wá burú jù, èéfín ẹ̀ ti pa odidi ìdílé mọ́jú, ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ibi tá à ń lọ ni Ọ̀yán. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí dáàmù yẹn, wọ́n sì gbé tọ́báìnì mẹ́ta síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọn ò fi yí rárá. Bẹ́ẹ̀ wàhálà dáàmù ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ṣá: omi gba ilẹ̀ àwọn ará abúlé, ìgbín inú adágún ń kó àìsàn títọ ẹ̀jẹ̀ ran àwọn ọmọdé ní Apójọlá àti Ìbarò, tí òjò bá sì pọ̀ tí wọ́n ṣí géètì, àwọn ará Ìṣẹ́rì náà á máa gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí. A ti sanwó tán, ọjà la ò tíì gbà!

Àwáwí kan wà tẹ́lẹ̀ pé ìpínlẹ̀ ò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe lọ́dún 2023, ìpínlẹ̀ náà ti láṣẹ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn lọ bá wọn jókòó, kí àwọn ẹnjiníà tú tọ́báìnì yẹn wò, kí wọ́n wá sọ fún wa ní gbangba ohun tó bàjẹ́, iye tó máa ná wọn, àti oṣù tó máa yí. A mọ̀ pé mẹ́gáwáàtì mẹ́sàn-án ò lè to gbogbo Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ fi ìyẹn dá wa lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ fa iná ẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ omi ní Arákàngà, omi Ọ̀yán náà kúkú ló ń ṣàn wá síbẹ̀, kó fi agbára ara ẹ̀ gun páìpù wá bá wa nílé.