Ẹni Tó Fún Un Ní Kíndìnrín Kọ́ Ló Máa Tọ́jú Rẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé ẹbí kan ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ń dáwó jọ fún ọmọ wọn kan tó fẹ́ lọ pààrọ̀ kíndìnrín ní Íńdíà. Àbúrò rẹ̀ ti gbà láti fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Mo béèrè pé ta ni yóò bá àwọn méjèèjì lọ. Bàbá kan wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ṣé o ò gbọ́ pé àwọn méjì ló ń lọ ni? Àbúrò ẹ̀ á tọ́jú ẹ̀. Kí ni ẹlẹ́kẹta fẹ́ lọ ṣe, kó lọ máa wò wọ́n lójú?" Gbogbo ilé ní òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ilé mélòó ni mo ti gbọ́ ọ báyìí! Ẹnu dùn ún ròfọ́. Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́kẹta nígbà tí àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, fún àbíkẹ́yìn wa ní kíndìnrín ní Delhi, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n gbé Ìyá Ìbejì wọlé láàárọ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn náà wọ yàrá kejì, torí kíndìnrín tí wọ́n bá yọ lára alààyè, ara ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, nínú àwa mẹ́ta tó kúrò ní Òṣogbo, ojú èmi nìkan ló là. Èmi ni wọ́n ń pè láti sanwó, èmi ni mo ń sáré lọ ra oògùn, èmi náà ni mo ń dá Màámi lóhùn lórí fóònù. Ẹni tí wọ́n ní yóò tọ́jú aláìsàn ti di aláìsàn. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì ní láti fi ìrọ̀rí ti ikùn kó tó lè wúkọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Nígbà tí wọ́n sì ní kó máa lọ, ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà. Ṣé òun ni kó se oúnjẹ fún ara rẹ̀ níbi tí a háyà, kó tún padà wá jókòó ti aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti oògùn. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n fún àbíkẹ́yìn wa kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín náà: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone. Wákàtí méjìlá-méjìlá ni méjì àkọ́kọ́. Tacrolimus mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, prednisolone ò jẹ́ kó sùn, inú sì ń bí i láìnídìí. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn kò lè dá ka oògùn ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wo bí tacrolimus ṣe pọ̀ tó lára, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà kó tó lo ti àárọ̀. Ọjọ́ kan wà tó ti kó o sí àtẹ́lẹwọ́, omi ti wà lẹ́nu, kí n tó gbà á. Ká ní ó ti gbé e mì ni, èsì ì bá fi hàn pé oògùn ti pọ̀ jù, wọn ì bá dín in kù, ara ì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá kíndìnrín jà. Oògùn yìí ò sì lópin. Níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò máa lò ó.

Kódà aago ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni Delhi fi ṣáájú wa. Oògùn tó ń lò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ níbẹ̀ di ti aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ní Òṣogbo. Kí a tó kúrò ni mo ti ní kí dókítà kọ bí a ó ṣe yí i padà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀nà méjì ni mo pín oògùn sí, mo gbé kan lọ́wọ́, mo fi ìkejì sínú báàgì tó wà lọ́rùn Ìyá Ìbejì. Mi ò fi ẹyọ kan sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù.

Wọ́n á ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé owó ṣòro. Àmọ́ ta ló ń ra mọ́tò kó ní òun ò ní ra táyà? Bóyá ẹnìkan ti lọ láìsí ẹlẹ́kẹta tó sì dé láyọ̀, mi ò bá yín jiyàn.

Kí a tó lọ gan-an ni iṣẹ́ ẹlẹ́kẹta ti ń bẹ̀rẹ̀. Físà alábàárìn aláìsàn wà lọ́tọ̀, Íńdíà sì gba ẹni méjì láyè lórí aláìsàn kan, ẹ jẹ́ kó bá ti aláìsàn rìn pọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni yóò mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́njú dání, káàdì yẹn kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Kòkòrò tó ṣì wà láàyè ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, ẹni tó ti pààrọ̀ kíndìnrín kò gbọdọ̀ gbà á, nítorí náà ẹ tètè bi dókítà aláìsàn léèrè. Lábẹ́ òfin Íńdíà, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i bí àjèjì bá fẹ́ fún ẹnìkan ní kíndìnrín. Wọ́n bi wá léèrè ẹ̀rí pé ọmọ ìyá ni wá. Fọ́tò ìgbà èwe tí mo tú jáde láti inú àpótí Màámi ló ràn wá lọ́wọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ àbíkẹ́yìn wa, ọwọ́ mi sì ni ike omi rẹ̀ wà nínú bàálù, torí wọ́n ti wọn iye tó lè mu.

A dé ilé, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Ìgbọnà àti Òkè-Baálẹ̀. Ọ̀kan gbé àgbo wá, òmíràn bu omi Ọ̀ṣun sínú kẹ́ẹ̀gì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n omi odò tí a kò sè kì í ṣe fún ẹni tí oògùn ti dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àìsàn jà kù. Gréèpù pàápàá, èyí tó jọ ọsàn ńlá, kì í ṣe èso àjàrà, mo dá a padà, torí ó máa ń mú kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá Ìbejì ò lè bá àwọn àgbà yẹn sọ ọ́, ojú abẹ ṣì ń dùn ún.

Mo ti ka gbogbo èyí fún bàbá Òkè-Fìà yẹn. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ìyá ọmọ náà ò dúró ròó, wọ́n ti pe àbúrò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba pé kó lọ tọrọ ìsinmi, kó sì kó páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá ní Mọ́ńdè.