Kádíbọ́ọ̀dù Tó Fẹ́ Di Ọlọ́rọ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, ẹ yà sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, ayé ti kọjá yín lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ Range Rover dúdú, ilé alájà mẹ́ta ní Lekki, ère obìnrin tó gbé iná sókè ní New York, àti òyìnbó kan tí inú rẹ̀ le bíi pátákó ìfọṣọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kádíbọ́ọ̀dù, ó gbé e kọ́ sí ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí status WhatsApp. Fíṣọ̀n bọ́ọ̀dù, pátákó àwòrán ohun tí èèyàn ń fẹ́ kí ọwọ́ òun tẹ̀, ti délé. Ó ku kí ọdún wá bá a níbẹ̀.

Lálẹ́ àìsùn ọdún, wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ta òróró sí i. Òróró bá gọ́ọ̀mù jà, táyà Range Rover sì jábọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní tó mọ́.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, George Doran, ló dá díẹ̀ nínú wàhálà yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1981, ó kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ àfojúsùn, kó ṣe pàtó, kó ṣeé wọ̀n, kó ní ẹni tó máa ṣe é, kó jẹ́ ohun tí apá ká, kó sì ní ọjọ́. Ohun márùn-ún péré. Àwọn ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀ o! Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun máa dé Yábà, tí kóòṣì, ẹni tó ń gbowó kọ́ èèyàn ní ọ̀nà àṣeyọrí, máa gbé e sórí Zoom, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí ẹnì kan. Ohun tí apá ká ni wọ́n kọ́kọ́ yọ dà nù. Wọ́n ní ó ń pa ìgbàgbọ́.

Kóòṣì yìí, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yìn ín díẹ̀. Nínú gbogbo orí tó wà lórí Zoom lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ nìkan ni àfojúsùn tó pé márààrún: igba ìwé ìṣètò ọdún, èyí tí wọ́n fi wúrà kọ ara rẹ̀, kó tà tán kí oṣù Kìíní tó dá sí méjì. Ó sì máa ń tà tán. Ẹ ṣí ọ̀kan wò. Ojú ewé àkọ́kọ́ ń bi yín pé, “Ta ni ọ́?” Èkejì ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa darí ọdún yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ẹ ó ti máa sàmì sí kọ́ọ̀pù omi tí ẹ mu. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bírò oríṣi mẹ́ta ló kún inú rẹ̀. Tó bá di oṣù Kejì, orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ìrẹsì ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni jíjí láago mẹ́rin ìdájí. Wọ́n ní àṣírí àwọn olówó ni. Bọ̀dá tó ń gbé Ìkòròdù, tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ti ń jí láago mẹ́rin láti ọjọ́ tó ti gbaṣẹ́. Aago márùn-ún máa ń bá a nínú dáńfó ní Mile 12, ó ń sùn lé èjìká ẹni ẹlẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé jíjí ìdájí ló ń sọ èèyàn dolówó, gbogbo báǹkì ìlú yìí ì bá ti kó orílé-iṣẹ́ wọn lọ sí Ìkòròdù.

Ṣùgbọ́n inú ilé, lọ́dọ̀ ìjọba tiwa, ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ti kọ́ àfojúsùn tí kì í ṣẹ. Ìjọba ló ní ilé máa kárí gbogbo wa tó bá di ọdún 2000, ìlera náà á sì kárí. Ọdún 2000 dé, ó kí wa, ó kọjá. Abacha gbé ìgbìmọ̀ Vision 2010 kalẹ̀, ó fi Ṣónẹ́kàn ṣe alága, Ṣónẹ́kàn kan náà tí Abacha gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1993. Lẹ́yìn náà ni Vision 20:2020, tó ní a máa wà lára ogún orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lágbàáyé. 2020 dé, korona ti gbogbo wa mọ́lé, a ń wá ẹni tó máa pín ìrẹsì àti indomie. Wọ́n ti wá gbé Agenda 2050 jáde báyìí. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn: gbé ọjọ́ náà jìnnà débi tí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè á ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2023 pé òun fẹ́ tọ́jú owó ńkọ́? Nígbà tó di oṣù Kejì, ó tò sídìí ATM títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ẹgbẹ̀rún kan gbà. Báǹkì Àpapọ̀ ti bá a tọ́jú u. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí Tinubu gorí àga ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, iye tí wọ́n ń ta lítà epo kan ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ó gbé ìwé tọ kóòṣì lọ. Kóòṣì yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí, ó ní, “Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àfojúsùn rẹ kò ṣe pàtó tó.”

Ìyá aláta kan ní Mushin kò wọ Zoom rí. Káàdì àjọ ló ní, àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, owó àkọ́kọ́ jẹ́ ti alájọ. Iye owó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ẹni tó máa gba owó náà ń bọ̀ lọ́nà, òjò ìbáà máa rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, “Mọ́mì, ìṣòro yín ni pé ẹ ò ní fíṣọ̀n.” Ibi tó dúró sí náà ló ti ní kí wọ́n yá òun ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí òun fẹ́ fi wọ Zoom oṣù yẹn. Ìyá ní kò burú. Ó na káàdì sí i, ó ní kó fọwọ́ kan ọjọ́ tó máa san án padà. Ọmọ wo káàdì títí, ó ní kóòṣì àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn pé kí àwọn má máa fi ọjọ́ de ìbùkún.