Ara wa ló ń yún wa, owó wa ni ká fi họ ọ́

Kí ọkọ̀ tó kún ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, ọ̀gbẹ́ni olóògùn á ti wọlé. Á kí èrò, á gbàdúrà ìrìn àjò, gbogbo ọkọ̀ á ṣe àmín, lẹ́yìn náà lá wá fa túúbù kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Làpálàpá, èkúrú, ifo, abẹ́ tó ń yún yín, gbogbo ẹ̀ ló ń wò." Kò ní pẹ́ tá a tún fi rí ike àgbo lọ́wọ́ rẹ̀. "Ti àtọ̀sí rèé o. Bó ti wù kó pẹ́ lára tó, ọjọ́ mẹ́ta péré." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á dojú kọ fóònù wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ kí dírẹ́bà tó ṣáná sí ọkọ̀, ọwọ́ méjì mẹ́ta á ti na owó wá láti ẹ̀yìn, láìsọ̀rọ̀.

Ọwọ́ tó ń na owó láìsọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀gbẹ́ni inú ọkọ̀ yìí mọ ohun kan tí àwọn tó ń ṣètò owó ìlera kò kà sí: pé ilé kan náà ni àrùn awọ ara àti àrùn ìbálòpọ̀ ń gbé. Ìtìjú kan náà ló ń bò wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, dókítà kan náà ló ń kọ́ iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, torí pé lára awọ ni ọ̀pọ̀ àrùn ìbálòpọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ fojú hàn. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, Special Treatment Clinic ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ìbálòpọ̀. Ìtọ́jú àkànṣe! Orúkọ yẹn fi nǹkan pamọ́, a ò sì bá ẹni tó sọ ọ́ wí. Ó mọ irú ìlú tó ń gbé.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ọlọ́jà inú ọkọ̀ nìkan ló dà bí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ìwádìí tòótọ́, ìyẹn kí dókítà tẹ̀ lé aláìsàn fún oṣù púpọ̀, kó dán oògùn wò, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, owó òkèèrè ló sábà máa ń gbé e ró lọ́dọ̀ wa. Bí òkèèrè bá fẹ́ mọ nǹkan kan nípa ara wa, a óò mọ̀ ọ́n. Bí wọn ò bá fẹ́, ó parí síbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ọn. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n pè é lórúkọ, fún ìwádìí àrùn awọ ara àti ti ìbálòpọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí àìsí owó yẹn ti dá sílẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Niger Delta ní Okolobiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, pẹ̀lú egbò tó bo ara rẹ̀. Dókítà Dimie Ogoina, tó mọ̀ nípa àrùn tó ń ràn, wò ó, ó ní èyí kì í ṣe àrùn tí a ń rí lójoojúmọ́. Mpox ni, èyí tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà náà. Láti ọdún 1978 ni a kò ti rí i mọ́ ní Nàìjíríà. Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ni wọ́n gbé àyẹ̀wò lọ, ó sì di àárín oṣù Kẹwàá kí èsì tó dé.

Ìwé ìṣègùn sọ nígbà náà pé àrùn ọmọdé abúlé ni, ẹni tó fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́. Ohun tí Ogoina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí yàtọ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin ìgboro ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ogún sí ogójì ọdún, egbò sì pọ̀ ní ojú ara wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìwádìí pé ó yẹ kí a wò ó bóyá ìbálòpọ̀ ló ń tàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á mọ ohun tó kàn: kí wọ́n yẹ àtọ̀ wò, kí wọ́n bi àwọn aláìsàn léèrè ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n wá àwọn tí wọ́n bá sùn. Iṣẹ́ tí owó kékeré lè ṣe ni. Owó náà kò dé.

Àrùn kì í dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2018, arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà gbé e dé Gẹ̀ẹ́sì àti Ísírẹ́lì, ní 2019 ó dé Singapore. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ó bú jáde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, láti ara dé ara, láti orí ibùsùn dé orí ibùsùn, ó sì kọjá àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 110. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà nílẹ̀, àwọn èèyàn ti tò láti gbà á. Àwa tí dókítà wa kọ́kọ́ rí i ńkọ́? Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2024 kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó dé Àbújá, ẹ̀bùn láti Amẹ́ríkà. Ọdún méje ó dín oṣù kan. Wọ́n ti fi oyè dá Ogoina lọ́lá káàkiri ayé, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature kà á mọ́ àwọn ènìyàn mẹ́wàá tó kópa pàtàkì nínú sáyẹ́ǹsì ní 2022, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé pè lórí mpox ní 2024. Oyè dára. Oyè kì í ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Ọ̀kan tún wà nínú ìtàn Bayelsa tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn 2017 wọ̀nyẹn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà tó wà nílé ìwòsàn. Ẹni tí egbò bá bo ojú àti abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, oògùn nìkan kọ́ ló ń fẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ibà ń pa ọmọdé, ìyá ń kú sórí ìkúnlẹ̀, ta ló ráyè làpálàpá? Kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ mú túúbù tó wà lórí tábìlì dígí ilé rẹ̀, kó yí i padà, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí orúkọ mẹ́ta: ọ̀kan fún kòkòrò làpálàpá, ọ̀kan fún bakitéríà, ìkẹta á jẹ́ clobetasol tàbí betamethasone. Ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Òun ló ń mú kí ìyún dúró lọ́jọ́ kejì, òun náà ló ń mú kí awọ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pa á mọ́ra láti bóra. Ṣùgbọ́n ajá tó ń gbó ló pa, olè ṣì wà nínú ilé. Ó ń dá ọmọ ogun ara dúró, làpálàpá á wá máa ràn lábẹ́ rẹ̀, á pàdánù etí rẹ̀ tó rí roboto, dókítà fúnra rẹ̀ lè má dá a mọ̀ mọ́.

Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ìpara onímẹ́ta yìí wà lára ohun tí wọ́n fi bọ́ làpálàpá títí tó fi sọ ara rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Àwọn onímọ̀ sọ irú tuntun náà ní Trichophyton indotineae ní ọdún 2020. Terbinafine, tó jẹ́ ògbólógbòó oògùn làpálàpá, kì í sábà ràn án mọ́. Ní 2023, wọ́n kéde pé ó ti dé New York. Kí a tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí làpálàpá lásán, ó gba kí yàrá àyẹ̀wò ka àbùdá rẹ̀. Ìwo ojú kò tó. Ẹni tó ń ta ìpara ní kẹ́míìsì àdúgbò wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Iṣẹ́ olùwádìí ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àtọ̀sí. Ó ti borí pẹnisílíìnì, ó ti borí tẹtirasaikílíìnì, ó ti borí sípró tí a ṣì ń rà ní káàdì ní kẹ́míìsì bí ẹni ra súìtì. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ló kù tí gbogbo ayé fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, GARDP, àjọ àgbáyé tó ń wá oògùn tuntun fún kòkòrò tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́, kéde pé oògùn tuntun kan, zoliflodacin, kò rẹ̀yìn sí abẹ́rẹ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára 930 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. South Africa nìkan ló wà níbẹ̀ láti Áfíríkà. Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo iye wa, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí oògùn náà bá dé ọjà wa, ìrírí ẹlòmíràn la óò fi lò ó.

Lára obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àtọ̀sí tàbí kíláńmídíà, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, kì í rí àmì kankan. Ètò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n tọ́jú ohun tí aláìsàn bá ròyìn. Ẹni tí kò rí nǹkan kan, kí ni yóò ròyìn? Ọdún á gorí ọdún, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà á dí, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ìwòkuwò, wọ́n á máa gbé e láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn. Ọkọ tó kó o wá sílé kò ní sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò tó rọrùn, tí kò wọ́n, tó lè jáde kí obìnrin náà tó kúrò ní kílíníìkì, ohun tó yẹ kí wọ́n máa wádìí ní Adó-Èkìtì, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìkẹjà nìyẹn.

A kò tan ara wa. Ìtàn ìwádìí lórí irú àrùn yìí kò mọ́. Ní Tuskegee, Amẹ́ríkà, ìjọba fi nǹkan bí 400 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní sífílíìsì sílẹ̀ láìtọ́jú láti 1932 títí di 1972, wọ́n kàn ń wo bí àrùn ṣe ń jẹ wọ́n, kódà lẹ́yìn tí pẹnisílíìnì ti dé. Nílé wa níbí, oògùn tí ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán wò lára àwọn ọmọ ní Kano ní 1996 ṣì ń dà wá láàmú. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ náà ló hàn nígbà tí àhesọ tàn ní oṣù Kẹwàá 2017 pé sójà ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ monkeypox, tí àwọn òbí sì ń sá lọ kó ọmọ wọn jáde nílé ẹ̀kọ́.

Síbẹ̀ àwa náà ní ìtàn tiwa. Baba wa bẹ̀rù Ṣànpọ̀nná débi pé wọn kì í dá orúkọ rẹ̀ pè, Olóde ni wọ́n ń pè é. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá, kò jókòó sí ọ́fíìsì l'Ékòó. Ó yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ ọ́, ó sì jáde pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn kan nínú wọn ń fi èérún egbò tan àrùn náà. Ní 1917, òfin ká ìbọ náà lọ́wọ́ kò. Olùwádìí tó gbọ́ èdè aláìsàn, tó mọ ohun tí wọn kì í sọ síta, rí ohun tí àjèjì kò lè rí.

Òfin ìlera ti 2014 ti ní kí olùkópa nínú ìwádìí fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tó bá ti yé e. Kó yé e ní Yorùbá, ni tiwa. Bí wọ́n bá fẹ́ pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n sọ fún wọn pé a ó ṣẹ́ gègé, ẹni kan á gba oògùn tuntun, ẹni kan á gba ti àtijọ́. Kò sí ìyá arúgbó tí kò mọ ohun tí gègé jẹ́. Kí orúkọ aláìsàn má jáde. Kí oògùn tí wọ́n bá fi ara wa dán wò sì kọ́kọ́ débi tí ara náà wà.

Ẹ má sọ pé kò sí owó. Ní Àbújá níhìn-ín ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì á máa lọ sí ìlera. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ilé aṣòfin wá nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà wà lára àwọn tó gbé ìpinnu síwájú ìpàdé ìlera àgbáyé ní Geneva pé kí a ka àrùn awọ ara sí ohun pàtàkì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa.

Bí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ bá dé iwájú ilé, a óò wá ìlà ìwádìí yìí nínú rẹ̀. Bí a kò bá rí i, a óò kọ ọ́ sójú ìwé yìí, pẹ̀lú orúkọ àwọn alága ìgbìmọ̀ ìlera tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.