Ta Ló Sọ Pé “Near” àti “Close” Ò Yàtọ̀?

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé ìwé pé ẹni tó bá ti mọ “near” ti mọ “close”, “nearby”, “next to”, “beside” àti “by” náà nìyẹn. Wọ́n á tò wọ́n sójú pátákó, wọ́n á ní “nítòsí” ni gbogbo wọn, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o mú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdánwò JAMB pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. “Nearest in meaning” ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Ohun tó sún mọ́ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà.

Mo gbà pé ibì kan wà tí wọ́n ti lè gba ipò ara wọn. Bí ilé yín bá wà nítòsí ọjà, ẹ wí pé “near the market”, ẹ wí pé “close to the market”, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Àpẹẹrẹ ọjà yìí ni wọ́n sì máa ń fi kọ́ni ṣáá, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wọlé. Ẹ wá fi ọjà sílẹ̀, kí ẹ pe ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ ní “my near friend”. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á, “close friend” ni wọ́n ń wí. Ẹ pe ọjọ́ iwájú tí kò jìnnà ní “the close future”, ìyẹn náà ò lọ.

Ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ló fà á. Láti inú èdè Faransé ni “close” ti wá, Faransé sì mú un láti inú èdè Látìnì, níbi tó ti túmọ̀ sí ohun tí wọ́n tì pa. Ẹni tó bá ti gbé Festac ní Èkó rí mọ ohun tí mò ń wí: “close” ni wọ́n ń pe títì kékeré tí wọ́n dí ní ìparí, tí ọkọ̀ tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ padà gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ní Ìlú Ọba, bí ooru bá mú tí atẹ́gùn ò sì fẹ́, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ṣe “close”. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wá pe nǹkan méjì ní “close”, ohun tó ń wí ni pé àlàfo àárín wọn ti dí. Ìdí nìyẹn tó fi bá ọ̀rẹ́ mu, tó bá ẹbí mu, tó sì bá eré ìje mu, níbi tí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé.

“Near” ní tirẹ̀, bí ọ̀nà ṣe jìn sí ló ń wọ̀n, ìbáà jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ tàbí ti ọjọ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, “neah” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tó wà nítòsí. Èyí tó tún sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni “near”. Èyí tó sún mọ́ jù lọ pátápátá ni ọ̀rọ̀ tó di “next” lónìí. “Nearer” tí à ń kọ́ àwọn ọmọ, a tún gùn ún lé ohun tó ti gùn tẹ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá júwe ilé fún yín pé ó wà “next to the bank”, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ilé kẹta. Kò gbọdọ̀ sí ilé kankan láàárín òun àti báńkì. “Near the bank” lè jẹ́ ilé kẹwàá. “By” náà le ju “near” lọ: ilé tó wà “by the river”, etí odò gan-an ló wà. Ní ti “nearby”, kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ohun kan tì í lẹ́yìn. “There is a school nearby” dára. “Nearby the market” tó kún inú lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dára, kí wọ́n pa “by” ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “beside” àti “besides”, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. “Nobody sat beside my mother”: kò sẹ́ni tó jókòó ti ìyá mi. “Nobody sat besides my mother”: ìyá mi nìkan ló jókòó, gbogbo àwọn yòókù wà lórí ìdúró.

“Nearly” ńkọ́? Ọmọ “near” ni lóòótọ́, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ ìtòsí mọ́. Ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, tí kò sì ṣẹlẹ̀, ló máa ń sọ. “Closely” ni ti kí a fojú sí nǹkan fínnífínní. Bí olùtọ́jú ọmọ bá kọ ọ́ pé “I closely watched the child”, kò gbójú kúrò lára ọmọ náà nìyẹn. Bó bá kọ “I nearly watched the child”, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò wo ọmọ náà rárá.