Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò, Àmọ́ Ilẹ̀ La Ti Ń Jọ Jẹun

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá ti fẹ́ dìjà láàárín wa, òwe tí àgbà máa ń fà yọ ni pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kan ra. Òwe ńlá ni, ó sì ti pẹ̀tù sí aáwọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ ló ń ṣètò. Ìpàdé ẹbí, ìpàdé àdúgbò àti ọjọ́ ìlú, ibi tí a ti gbọ́dọ̀ fara kan ra ni. Níbẹ̀, òwe tó yẹ ká máa rántí ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ló dá a sílẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn (wọn kì í pa ìtàn rẹ̀ kí wọ́n má dárúkọ Balógun Kúkù, jagunjagun Ìjẹ̀bú tó di Mùsùlùmí), láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, ẹlẹ́sìn gbogbo ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ Iléyá kúrò nínú rẹ̀ kí àwọn yòókù tó wọlé. Ẹni tó ni ọdún ṣì ni ọdún rẹ̀.

Lójú tèmi, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ètò ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló mú un ṣeé ṣe. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó jọba láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ló jí ètò náà dìde. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọjọ́ ìbí kò sì mọ mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlhájà àti ìyàwó pásítọ̀ á we gèlè kan náà, wọ́n á jọ jó lọ kí Kábíyèsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàdé nílé, ẹ tọ́jú àdúrà. Àṣà wa ni pé kí Mùsùlùmí fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, kí Kristẹni fi parí. Oníṣẹ̀ṣe ńkọ́? Á jókòó, á ṣe àmín sí méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa ní kí bàbá wúre. Ó dùn mí gan-an. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ. Ṣé àwa wá lè sọ pé àyè ìwúre díẹ̀ ṣòro?

Ní ti ọjọ́, ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀ àti àárọ̀ Sọ́ńdè. Bí ó bá bọ́ sínú Ramadan, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ dúró de ìṣínu. Ẹ jẹ́ kí Mùsùlùmí dúńbú ẹran, kí ẹlẹ́dẹ̀ má sì wọ ìkòkò ìpàdé rárá. Kristẹni kan wà tí kì í jẹ ẹran Iléyá. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ se ẹja sọ́tọ̀ kó tó dé, kó má baà di pé à ń wá nǹkan tó máa jẹ kiri lójú gbogbo èèyàn.

Síbẹ̀, mo rò pé owó ń lé èèyàn kúrò láwùjọ wa ju ẹ̀sìn lọ. A á mú léèsì olówó gọbọi ṣe aṣọ ẹbí, ẹni tí ò lè rà á á sọ pé ara òun ò yá, a ó sì gbà á gbọ́. Ẹ mú àǹkárá. Tí ìyẹn náà bá pọ̀ jù, ẹ dá àwọ̀ kan tí kálukú á lè rí nínú àpótí rẹ̀. Kí ẹ sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń pín oúnjẹ pé wọn ò gbọ́dọ̀ wo aṣọ lọ́rùn èèyàn kí wọ́n tó gbé àwo fún un. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó ti ògiri, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.